Omi Kọ́ Ló Wà Níbẹ̀: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Ẹ́ńsáìmù Kan Tó Fẹ́ràn Ooru

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn onímọ̀ ti ya fọ́tò ẹ́ńsáìmù kan, ẹ bá mi bi í pé kámẹ́rà wo ni wọ́n lò. Láti ìgbà tí mo ti ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ Biochemistry ní Abẹ́òkúta níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ thermolysin ló là mí lójú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Purotéènì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gé purotéènì mìíràn sí wẹ́wẹ́. Lára bakitéríà kan tó fẹ́ràn ooru, Bacillus thermoproteolyticus, ni wọ́n ti rí i. Endo, onímọ̀ ará Japan, ló gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1962. Níbi tí omi bá gbóná dé 70 lórí ìwọ̀n Celsius, tí èèyàn kò lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí ọ̀pọ̀ jù lọ purotéènì inú ara wa yóò ti dàrú, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń yá a. Amino acid 316, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí purotéènì fi ń di odidi, ló so kọ́ra tó sì ká jọ sí apá méjì, àlàfo kan sì wà láàárín apá méjèèjì. Ìsàlẹ̀ àlàfo náà ni átọ́mù síńkì kan ṣoṣo wà. Átọ́mù kálísíọ̀mù mẹ́rin tún wà lára rẹ̀, àmọ́ àwọn yẹn kò sí nítòsí síńkì.

Kì í ṣe ìwé ńlá kankan ló mú kí ọ̀gá mi yàn án fún mi. Ohun tó sọ ni pé, "Eléyìí ló máa lè bá ìlú yìí gbé." Ẹni tó bá ti ra ẹ́ńsáìmù láti Èkó rí mọ ohun tó ń sọ. Kí ọkọ̀ tó kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣàngó Ọ̀tà, kó tó la Ìfọ̀ já, yìnyín inú kúlà ti di omi. Bó bá sì dé ọ̀dọ̀ wa tán, iná lè má sí. Thermolysin tó wà ní ìyẹ̀fun gbígbẹ kò ka gbogbo ìyẹn sí. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí iṣẹ́ wọn bà jẹ́ sínú fíríìjì, tèmi wà nínú ìgò rẹ̀ láìsí wàhálà.

Lọ́dún 1972 ni Brian Matthews àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Oregon ní Amẹ́ríkà kéde bí gbogbo ara ẹ́ńsáìmù yìí ṣe rí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kó dì di kírísítálì, ìyẹn ni pé àìmọye ẹyọ rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láìyẹ̀. Wọ́n wá na X-ray sí i. X-ray yẹn fọ́n ká bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì sílẹ̀. Àwọn àmì yìí nìkan ni ojú rí. Ìyá mi tó ti ń ṣòwò adìrẹ ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi lè wo àwọn òbìrípo funfun tó wà lára aṣọ oníko, kó sì sọ bí wọ́n ṣe ká aṣọ náà, ibi tí wọ́n ti fún ìko le jù, àti bóyá ọwọ́ ọmọdé ló dì í. Kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti Matthews: ojú àmì ló ti ka ohun tó fi àmì sílẹ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ ló tilẹ̀ wà nínú àmì. A lè wọn bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n a ò lè rí ibi tí ìgbì X-ray náà dé, bóyá ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó kan ibi tó kàn. Láyé ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ kírísítálì sínú omi tí àwọn mẹ́táàlì tó wúwo wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìyàtọ̀ tó bá dé bá àwọn àmì wá ohun tó sọnù kàn. Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yẹn, máàpù ló máa ń jáde, tó ń fi ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ sí àti ibi tó ti ṣọ̀wọ́n hàn. Èèyàn ni yóò wá jókòó ti máàpù náà tí yóò sọ pé histidine, ọ̀kan lára àwọn amino acid, ló wà níhìn-ín, pé omi ló wà lọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹnikẹ́ni ló lè rí àbájáde irú iṣẹ́ yìí. Protein Data Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ló ń kó wọn jọ, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Fáìlì kan kò jẹ détà rárá, fídíò tí àwọn àǹtí wa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ń jẹ jù ú lọ. Òru ni mo máa ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi nínú yàrá tí mo háyà ní Camp, torí òru ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rìn dáadáa. ChimeraX, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ni mo fi ń wò ó. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Bí mo bá ní kó fi gbogbo ojú ara ẹ́ńsáìmù hàn mí, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, màmá onílé á ní ṣé mo ti tún ń lọ ata ni.

Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo yòókù mọ́, ká fi síńkì nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó dì í mú. Mẹ́rin ni wọ́n: histidine tó wà ní ipò 142, histidine 146, glutamate 166, àti ẹyọ omi kan. Láti síńkì dé ara histidine kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 2 Å lọ, bẹ́ẹ̀ Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Glutamate mìíràn, 143, wà nítòsí tí kò fọwọ́ kan síńkì, òun ló ń gba ẹyọ hydrogen kan lọ́wọ́ omi yẹn. Omi náà ló ń gé purotéènì tó bá wọ inú àlàfo. Síńkì ló ń fún un lágbára tó fi ń gé e. Síńkì yìí kan náà ni wọ́n fi ń bo irin páànù òrùlé. Bí ẹ bá gun Olúmọ, ẹ ó rí i lórí àwọn ilé àtijọ́ níbi tó ti jẹ tán, tí gbogbo páànù ti pọ́n kúkú.

Ọ̀gá mi kì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ó ní kí n lọ yọ síńkì náà kúrò, kí n sì dá a padà. Mo fi ohun tó ń jẹ́ phenanthroline yọ ọ́, nítorí ó mọ síńkì í dì mú ju kálísíọ̀mù lọ. Iṣẹ́ dúró pátápátá. Mo fi síńkì díẹ̀ padà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fi síńkì kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ tún dín kù! Ó yà mí lẹ́nu títí mo fi rí i kà pé síńkì kejì máa ń wá jókòó sínú àlàfo kan náà, tí yóò dí ọ̀nà. Cobalt pàápàá lè rọ́pò síńkì, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà á sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

EDTA, kẹ́míkà mìíràn tó ń di mẹ́táàlì mú, ni mo wá lò lẹ́yìn náà. Èyí kì í ṣojúsàájú: ó ń kó síńkì, ó ń kó kálísíọ̀mù. Nínú ooru, nígbà tí kálísíọ̀mù bá ti kúrò, àwọn apá kan lára thermolysin á tú sílẹ̀, àwọn ẹyọ rẹ̀ tó kù á sì gé e jẹ. Ó ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ da síńkì tó wù yín sí i lẹ́yìn ìgbà náà, kò ní jí. Nínú yàrá tí ooru òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọpọ́n omi gbígbóná wa, mo lóye pé síńkì ló ń ṣiṣẹ́, kálísíọ̀mù ló ń gbé òṣìṣẹ́ náà ró. Bí wọ́n bá sọ fúnni pé "mẹ́táàlì wà nínú ẹ́ńsáìmù yìí", ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé kì í sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Wàrà ni gbogbo èèyàn fi ń kọ́kọ́ wo bóyá irú ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣiṣẹ́: ẹ po wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, ẹ kán ẹ́ńsáìmù sí i, funfun rẹ̀ á máa pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe é níbi tí EDTA bá wà. EDTA fúnra rẹ̀ ń fa kálísíọ̀mù yọ kúrò lára casein, purotéènì inú wàrà, wàrà náà á sì mọ́ gaara láìsí ẹ́ńsáìmù kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kéde pé ẹ́ńsáìmù òun ń ṣiṣẹ́ láìsí síńkì. Casein tí a ti yọ́ ni kí ẹ lò, ẹ fi trichloroacetic acid dá iṣẹ́ náà dúró, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbé omi tó sẹ́ sínú spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mì, ní 280 nanometer.

Ẹ yẹra fún bọ́fà phosphate pẹ̀lú (bọ́fà ni omi tó ń di pH, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, mú lójú kan), torí òun àti kálísíọ̀mù á dì papọ̀, á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Tris, bọ́fà mìíràn, dára, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, ó tó 0.03 lórí ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Tris tí ẹ ṣètò sí pH 8 ní ìwọ̀n 25 á ti dé nǹkan bí 6.7 kó tó gbóná dé 70. Inú ooru tí ẹ fẹ́ lò ó ni kí ẹ ti wọn ọ́n. Síńkì sì wà níbi tí ẹ ò fọkàn sí, nínú rọ́bà ìdérí ìgò, nínú ìbọ̀wọ́, nínú omi òjò tó bá ṣàn lórí páànù. Ike tí a ti fi ásíìdì ṣàn ni a fi ń ṣe tiwa.

Ní kíláàsì, bí olùkọ́ bá bi wá pé kí ló ń jẹ́ kí purotéènì fara da ooru, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni amino acid cysteine méjì tí sulphur wọn so pọ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ jà lórí èyí. Thermolysin kò ní cysteine kankan, ẹyọ kan péré kò sí níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà lára Bacillus cereus tó fi nǹkan bí 73 nínú ọgọ́rùn-ún jọ ọ́ nínú bí amino acid wọn ṣe tò, tó ní síńkì bíi tirẹ̀, tó sì ń lo kálísíọ̀mù. Síbẹ̀, ooru tó ń ba tìyẹn jẹ́ fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 rẹlẹ̀ sí ti thermolysin. Nítorí náà, kálísíọ̀mù nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ìyàtọ̀ kéékèèké káàkiri ara wọn ló papọ̀ di ìyàtọ̀ ńlá, kò sì sí ibì kan pàtó tí èèyàn lè na ìka sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí máàpù, torí níbẹ̀ ni ohun tó yí ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́ yìí padà wà. Lọ́dún 1982, Holmes àti Matthews tún thermolysin ṣe pẹ̀lú máàpù tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. 2.3 Å ni ti 1972, èyí dé 1.6 Å; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni máàpù ṣe ń mọ́ tó. Orúkọ tí fáìlì náà ń jẹ́ ni 3TLN. Nínú àlàfo tí síńkì wà, wọ́n rí àwọn ohun kéékèèké lórí máàpù, wọ́n sì pè wọ́n ní omi. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Inú omi ni kírísítálì purotéènì ń gbé, omi sì máa ń kún gbogbo ihò ara rẹ̀. Gbogbo èèyàn gbà pé bí thermolysin tó ṣófo ṣe rí nìyẹn, pé ẹnu rẹ̀ wà láìsí ohun jíjẹ.

Ìyọnu kan wá wà níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù Bacillus cereus yẹn àti elastase, ẹ́ńsáìmù láti ara bakitéríà Pseudomonas aeruginosa, tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà, máa ń pa ẹnu dé bí nǹkan bá wọ àlàfo wọn: apá kan á tẹ̀ sí èkejì. Thermolysin nìkan ni kò jọ pé ó ń mira. Bó ṣófo, bó kún, bákan náà ló rí. Ẹnikẹ́ni ì bá ti sọ pé ẹ́ńsáìmù olóoru le ju àwọn yòókù lọ ni, pé kò lè tẹ̀. Ó dùn létí, ó sì bá ohun tí a ń rò nípa àwọn nǹkan tó fẹ́ràn ooru mu. Lọ́dún 1992, Holland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Matthews fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, tún máàpù 1.6 Å yẹn yẹ̀ wò. Wọ́n ní ó jọ pé ohun tó wà nínú àlàfo kì í ṣe omi. Amino acid méjì tó so pọ̀ ni, valine àti lysine. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n pè ní òfìfo ní nǹkan lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ti pa ẹnu dé nítorí rẹ̀. Òun náà ń mira bíi ti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n wọn ọ́n kiri ẹbí náà: apá méjèèjì ń fi ìwọ̀n igun 6 sí 14 (6° sí 14°) tẹ̀ síra, ẹnu àlàfo sì ń fi nǹkan bí 2 Å dín kù. 8TLN ni fáìlì tuntun náà.

Mo ṣí 3TLN àti 8TLN lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibì kan náà, síńkì kan náà. Omi wà nínú ọ̀kan, valine àti lysine wà nínú èkejì. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Sà, ṣé irọ́ ni wọ́n pa ní 1982 ni?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló parọ́? Ṣebí ẹni tó kọ ọ́ ló tún un kọ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti wo máàpù, àbí fáìlì lásán lo wò?"

Fáìlì lásán ni, ó sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ibẹ̀ la máa ń dúró sí. Fáìlì ń fún èèyàn ní átọ́mù pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, gbogbo wọn á sì mọ́ lójú bákan náà: histidine tí máàpù rẹ̀ hàn kedere àti apá ìparí lysine kan tó ń mì lójú ara, tí ẹni tó kọ́ ọ fi síbẹ̀ torí ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ọ̀nà láti dá wọn mọ̀ wà. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní B-factor tẹ̀ lé átọ́mù kọ̀ọ̀kan, bó bá ga púpọ̀, átọ́mù náà kò dúró lójú kan tàbí kò dájú. Àwọn fáìlì òde òní sì sábà máa ń wá pẹ̀lú àmì X-ray tí wọ́n fi ṣe é, èèyàn lè ṣí máàpù náà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́táàlì ni wọ́n sọ pé ó wà níbì kan, mo máa ń wò ó bóyá wọ́n fi agbára X-ray tó yí 9.66 keV ká dán an wò. Níbẹ̀ ni síńkì ti máa ń gba X-ray mì lójijì, èyí tí irin tàbí kálísíọ̀mù kì í ṣe níbẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, síńkì tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ lásán.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé ilé iṣẹ́ kan náà ló tún ìwé ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn ọdún 10. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀, àgbà tó bá ti kọ nǹkan kì í fẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò torí pé máàpù ṣì wà nílẹ̀, ẹnìkan kò kó o pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Àwọn àbúrò tó ń wá bá mi nísinsìnyí kì í fi fáìlì kírísítálì wá mọ́, ti AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bí purotéènì ṣe máa rí, ni wọ́n ń gbé wá. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀bùn Nobel ọdún 2024 sì tọ́ sí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, amino acid nìkan ló ń fi hàn. Bí ẹ bá ṣí irú ẹ́ńsáìmù yìí níbẹ̀, ẹ ó rí histidine méjèèjì àti glutamate tí wọ́n kọjú síra, àárín wọn á ṣófo. Síńkì kò sí. Mo ti rí ẹni tó wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó ní ẹ́ńsáìmù òun kò lo mẹ́táàlì.

Ní báyìí, a ní bakitéríà kan tí a yọ láti inú òkìtì ìgbẹ́ adìyẹ tó ń gbóná fúnra rẹ̀ lóko kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Ó ń gé casein ní ìwọ̀n Celsius 65, EDTA ń dá a dúró, phenanthroline náà ń dá a dúró, síńkì díẹ̀ sì ń jí i padà. A ò tíì ní kírísítálì rẹ̀. Bí a bá ní in, a ní láti fi ránṣẹ́ sókè òkun, torí kò sí synchrotron, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú X-ray alágbára jáde, kankan ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1964, Ghana ni Dorothy Hodgkin, onímọ̀ kírísítálì ará Britain, wà nígbà tí ìròyìn Nobel rẹ̀ fún iṣẹ́ kírísítálì kàn án lára, insulin tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yanjú bó ṣe rí lọ́dún 1969 sì ní síńkì nínú. Àwọn tó ń jà fún African Light Source, ìyẹn synchrotron ti ilẹ̀ Áfíríkà, ṣì ń jà. Àwa ń fọ ẹ́ńsáìmù wa mọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú kálísíọ̀mù nínú gbogbo bọ́fà.